Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Jáde Sínú Ọyẹ́

Ìmẹ̀sí-Ilé,
Òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Fẹ́mi, ọmọ mi, Àkànní,

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn láti àná pọ̀. Èkíní ni orí fífọ́ Ayọ̀délé tí o kọ̀wé sí mi nípa rẹ̀. Èkejì ni fèrèsé onígíláàsì ilé yín ní Bódìjà, bó ṣe ń dé pinpin. Ẹ̀kẹta ni àwọn òròmọdìyẹ Ìyá Ṣọlá, aládùúgbò wa. Ẹ̀kẹrin, tó burú ju gbogbo wọn lọ, ni ọ̀rọ̀ tí èmi fúnra mi fi ẹnu mi sọ fún ìyàwó rẹ nígbà tí mo wá kí yín. Bí mo bá yí sí ọ̀tún, ọ̀kan á dojú kọ mí. Bí mo bá yí sí òsì, èkejì á ti wà níbẹ̀ tó ń dúró dè mí.

N kò ní jẹ́ kí o wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí jìnnà. Àdògán èédú tí mo ní kí ẹ máa gbé sí yàrá àwọn ọmọ ní alaalẹ́ nítorí ọyẹ́, ẹ gbé e jáde. Dìde nísinsìnyí kí o lọ gbé e. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú nígbà tí ìwé yìí bá dé, má sọ pé ó di ọ̀la. Bí àwọn ọmọ bá ti sùn, jí wọn, kí ẹ gbé wọn bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níta, kí ẹ sì ṣí gbogbo fèrèsé yàrá náà sílẹ̀. Nígbà tí o bá ṣe èyí tán, padà wá jókòó kí o ka ìyókù. Ọ̀rọ̀ mi pọ̀, o sì mọ̀ mí.

Ó yá, ṣé o ti gbé e jáde?

Má dá Bọ́sẹ̀ ìyàwó rẹ lẹ́bi. Ìwọ wà ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ tí mo wá kí yín, o kò mọ bó ṣe lọ. Ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ni. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín, atẹ́gùn ń bọ̀ tààrà láti inú oko tí wọn kò tíì kọ́lé sí lẹ́yìn Bódìjà, ó ń gún mi ní eegun. Ní Dùgbẹ̀ tí a ti tọ́ ọ dàgbà, ilé fara ti ilé. Kí atẹ́gùn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, ó ti fi orí gbá ògiri mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ilé tuntun ìjọba tí wọ́n fún yín yìí dá dúró bí ẹni tí ará ilé rẹ̀ kọ̀. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo rí Ayọ̀délé lẹ́yìn ilé, tó ń fi igi lé ríìmù kẹ̀kẹ́ kiri. Ara rẹ̀ funfun bí ẹni tó ṣubú sínú ẹlùbọ́.

Mo pariwo mọ́ ọn. "Ayọ̀! Wọlé! O fẹ́ kí ọyẹ́ pa ọ́ ni?"

Ó dúró, ó wò mí, ó ní, "Bàbá àgbà, ọyẹ́ kì í bu èèyàn jẹ o!"

Títílayọ̀ àbúrò rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo pe Bọ́sẹ̀, mo ní kí ọmọ yẹn má gbálẹ̀ òwúrọ̀ mọ́, kí ó má pọn omi ẹ̀rọ níta mọ́, títí ọyẹ́ yóò fi lọ. Lẹ́yìn náà mo wọ yàrá wọn. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ símẹ́ńtì ibẹ̀, mo sì bọ́ sẹ́yìn.

Mo ní, "Ìyàwó, ilé yìí tutù bí inú kànga. Níbo lẹ ń dáná sí fún àwọn ọmọ?"

Ó kúnlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bàbá, a kì í dáná sínú yàrá níbí. Súwẹ́tà ni wọ́n ń wọ̀ sùn."

"Súwẹ́tà! Ṣé súwẹ́tà ni a fi tọ́ ọkọ rẹ?"

"Rárá, Bàbá. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbà á, iná nínú yàrá tí a ti fèrèsé rẹ̀..."

N kò jẹ́ kí ó parí rẹ̀. Mo ní èédú tó bá ti pọ́n kì í rú èéfín, ẹ̀rù kí ló wá ń bà á? Ó ní, "Ó dáa, Bàbá. Bí ẹ ṣe wí la ó ṣe." Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ó ra àdògán. Inú mi dùn. Mo padà sí Ìmẹ̀sí, mo ń fọ́nnu fún ìyá rẹ pé bí kò bá sí èmi ni, ọyẹ́ ì bá ti gbẹ àwọn ọmọ-ọmọ wa.

Ìwé rẹ dé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. O kọ ọ́ pé Ayọ̀ ń jí pẹ̀lú orí fífọ́, pé ó ń bì, pé ojú ń ṣú u, pé tó bá di ọ̀sán ara rẹ̀ á yá, tí ilẹ̀ bá sì tún mọ́, bákan náà ni. O ní òtútù ti wọ̀ ọ́ lórí. O ní ẹ ti sún àdògán súnmọ́ ibùsùn rẹ̀ sí i, ẹ sì fẹ́ dá a dúró nílé-ìwé. O tún kọ ọ̀rọ̀ kékeré kan sí ìsàlẹ̀ ìwé, bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan: pé bí Bọ́sẹ̀ bá gbé e jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ara rẹ̀ a máa balẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kì í jẹ́ kí ó pẹ́ níbẹ̀ nítorí òtútù, àti pé Bọ́sẹ̀ ti ní òun fẹ́ gbé iná náà kúrò, ṣùgbọ́n Bàbá ló ní kí a gbé e síbẹ̀. Mo ka ìwé náà tán, mo gbàdúrà, mo ní kí ìyá rẹ bá mi wá òrí tó dáa tí a lè fi ránṣẹ́. Ojú mi ríran, kò rí i.

Àná ni Ìyá Ṣọlá figbe ta. O rántí rẹ̀, opó tó ń sin adìyẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ yàrá símẹ́ńtì kan fún un lẹ́yìnkùlé, ó fi páànù bò ó, ó tẹ́ àjà sí i, ó fi símẹ́ńtì dí gbogbo ojú ihò pátápátá. Nígbà tí àgbébọ̀ rẹ̀ pamọ, ó kó wọn síbẹ̀ nítorí òtútù, ó gbé èédú pípọ́n tì wọ́n, ó ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo òròmọdìyẹ náà ti kú. Kò sí ẹ̀jẹ̀. Kò sí ojú eyín ológbò. Wọ́n sùn sílẹ̀ bí òwú.

"Bàbá Fẹ́mi, ẹ gbà mí o! Àwọn ọ̀tá ti ríbi ṣe mí!"

Ìyá rẹ ti yọ síta kí n tó wọ bàtà. Ó wọnú yàrá náà, ó gbé àgbébọ̀ tó dojú bolẹ̀ jáde sínú òtútù. Adìyẹ náà ya ẹnu, ó mí. Ó tún mí. Nígbà tó ṣe, ó gbé orí sókè, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó mu ẹmu.

Ìyá rẹ ní, "Ìyá Ṣọlá, ọ̀tá wo? Ìwọ lo ti wọ́n mọ́ iná. Ṣé o ò rí i pé atẹ́gùn ló jí èyí?"

"Iná tí kò ní èéfín ńkọ́?"

"Bó ní èéfín ni, ò bá ti sá!"

Mo dúró síbẹ̀. Ìyá rẹ yíjú sí mi. Ó ní, "Bàbá Fẹ́mi, kí lẹ sọ fún wọn ní Bódìjà?" Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà ni mo wà lọ́jà, ọwọ́ mi náà ni mo fi tẹ orí ọmọ.

Ohun tí n kò rò nìyí, Fẹ́mi. Nínú ilé alámọ̀ tí wọ́n bí mi sí, ògiri kò kan òrùlé. Àlàfo wà láàrin wọn, ibẹ̀ ni ooru iná àti gbogbo ohun búburú inú rẹ̀ ń gbà jáde, kódà bí a bá sé ilẹ̀kùn. Mo gbé àṣà ilé yẹn wọ ilé onígíláàsì, bí ẹni tó gbé ọkọ̀ ojú omi sórí títì. Àṣà kò burú. Ilé ló yí padà.

Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí òtútù àti ọmọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n sọ ọ́ tán, kí o má bàa tún gba ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù lẹ́nu mi láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìbẹ̀rù náà ti wá. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìmẹ̀sí níbí, tí òkè yí wa ká, ọyẹ́ kì í ṣe àlejò. Ìyá mi a fi òrí pa wá láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, a fún wa ní ẹ̀kọ gbígbóná, a ní kí a lọ sódò. A ó pọnmi dé, a ó gbálẹ̀, a ó wá kó ewé gbígbẹ jọ níwájú ilé, a ó yáná, a ó máa fi ara wa ṣẹ̀fẹ̀ títí oòrùn yóò fi yọ. N kò rántí ẹni tí èyí pa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ilé-ìwé gíga, tí mo rò pé mo ti gbọ́n, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́ pé ta ló lè wẹ̀ lódò ní ìdájí. Mo bọ́ sínú omi tẹ̀wù tẹ̀wù kí wọ́n lè pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo sì wọ ẹ̀wù tútù náà jókòó ní kíláàsì títí ó fi gbẹ mọ́ mi lára. Òtútù àyà dá mi dùbúlẹ̀, wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá mi. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sá fún ọyẹ́. Aṣọ tútù ló ṣe mí, mo gbé ẹ̀bi rẹ̀ fún atẹ́gùn.

Nítorí náà, Àkànní, ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ ni pé kí o mọ ohun tí ń pani yàtọ̀ sí ohun tí ń múni gbọ̀n. Ọmọ tó ń gbọ̀n, tó ń sáré, tó ń pariwo, ara rẹ̀ ń bá òtútù jà, yóò sì ṣẹ́gun. Ọmọ tí aṣọ rẹ̀ tutù, tí kò jẹun, tó dúró sójú kan, òun ni kí o bẹ̀rù fún. Kí wọ́n má wẹ̀ kí wọ́n sì jáde lọ́gán. Bí wọ́n bá ṣeré tí wọ́n làágùn, kí wọ́n bọ́ ẹ̀wù náà, kí wọ́n wọ gbígbẹ. Súwẹ́tà dára fún ìdúró. Bí eré bá ti gbóná, kí wọ́n bọ́ ọ sórí okùn. Ẹnu mi ni mo fi fi Bọ́sẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí súwẹ́tà, òun ló sì tọ̀nà.

Èkejì kan ìwọ fúnra rẹ. Nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé ní Dùgbẹ̀, yàrá wa kọjú sí àgbàlá níbi tí àwọn ọmọ ilé yòókù ti ń gbálẹ̀, tí wọ́n ń pọnmi, tí wọ́n ń fi agolo gbá bọ́ọ̀lù nínú ọyẹ́. Èmi a ti ọ́ mọ́lé. Ìwọ a gbé àgbọ̀n lé ojú fèrèsé. Mo ń gbọ́ wọn tí wọ́n ń kọrin fún ọ: "Ọmọ inú òwú, jáde wá! Ọmọ inú òwú, ìyá ẹ ń pa ẹ́ mọ́!" Èmi ni, kì í ṣe ìyá rẹ. Ìyá rẹ bẹ̀ mí, bẹ̀ mí. Nígbà tí o lọ sí ilé-ìwé tí ẹ̀ ń gbé, tí ẹ̀ ń gé koríko, tí ẹ̀ ń gbálẹ̀ láàárọ̀ ọyẹ́, o padà wálé pẹ̀lú ọwọ́ tó ya. O kò sunkún. O kàn sọ pé, "Bàbá, èmi nìkan ni n kò mọ bí wọ́n ṣe ń di ìgbálẹ̀ mú." Mo gbọ́, mo sì ṣe bí ẹni pé n kò gbọ́.

Mo rí ara mi nínú ìwé rẹ, ibẹ̀ ló dùn mí jù. O ní o fẹ́ dá ọmọ dúró nílé-ìwé títí ọyẹ́ yóò fi lọ. Fẹ́mi, ìbẹ̀rù mi ni mo fi ṣe ogún fún ọ, ìwọ náà sì fẹ́ gbé e fún Ayọ̀. Gé e síbẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tí kò bá mọ òtútù lọ́dọ̀ ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ ni yóò ti mọ̀ ọ́n.

Fún wọn ní iṣẹ́ wọn padà. Kí Ayọ̀ máa gbá iwájú ilé, kí Títí máa gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀. Obìnrin ni, kì í ṣe ẹyin. Kí wọ́n wọ́n omi sílẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó gbálẹ̀, nítorí eruku ọyẹ́ a máa wọ àyà ọmọ ju òtútù rẹ̀ lọ. Korobá tí wọn yóò fi pọnmi, kí ó jẹ́ èyí tí agbára wọn ká, kí ó má bàa dà sí wọn lára. Òrí ni kí ẹ fi pa ètè àti gìgísẹ̀ wọn kí wọ́n tó jáde. Ìyá rẹ ti fi òrí àti àdín ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé yìí. Àdín tirẹ̀ ni, ó ní kí ẹ má sọ pé ó ń rùn.

Bí wọ́n bá fẹ́ yáná, kí ó jẹ́ níta gbangba, kí àgbàlagbà dúró tì wọ́n, kí aṣọ Títí má sì gùn dé ilẹ̀ lẹ́bàá iná.

Mo mọ̀ pé àṣejù baba àṣetẹ́ ni. N kò sọ pé kí o wá lé ọmọ tó ń ṣàìsàn síta kí àwọn aládùúgbò lè sọ pé ọmọ rẹ le. Bí ara ọmọ bá gbóná, bí àyà rẹ̀ bá ń lọ sókè sódò kíákíá, kí ó dùbúlẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ní ti Ayọ̀, ẹ gbé e lọ ní ọ̀la, kódà bí ó bá jí tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ èédú náà fún dókítà bó ṣe rí gan-an. Bí ó bá bèèrè pé ta ló gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀, ẹ má bò mí. Ìtìjú mi kò tó ẹ̀mí ọmọ.

Fún Bọ́sẹ̀ ní ìwé yìí kí ó fi ojú ara rẹ̀ ka ibi tó kàn yìí.

Bọ́sẹ̀, ọmọ mi. Ìwọ fẹ́ gbé iná náà jáde, orúkọ mi ni kò jẹ́. Mo mọ̀ bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nílé yín, pé ìyàwó kì í já bàbá ọkọ rẹ̀ níyàn, mo sì yin àwọn òbí rẹ. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, bí mo bá sọ ohun tí ọkàn rẹ kò gbà nípa àwọn ọmọ tí o bí, kúnlẹ̀ bí o ti máa ń kúnlẹ̀, kí o sì sọ ọ́ fún mi títí dé òpin rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ, tún un sọ. Kíkúnlẹ̀ ni ọ̀wọ̀, dídákẹ́ kọ́. Ìwọ lo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Èmi wà ní Ìmẹ̀sí.

Fẹ́mi, Rámónì dẹ́rẹ́bà ló ń mú ìwé yìí bọ̀, mọ́tò rẹ̀ ni àkọ́kọ́ tó ń lọ sí Ìbàdàn láti àná. Kòkó ló kó, ó ti fẹ́ ṣáná sí mọ́tò. Mo fẹ́ gun orí àpò kòkó náà kí n bá a wá, ìyá rẹ di agbádá mi mú láti ẹ̀yìn. Ó ní, "Ẹ ti ń húkọ́ láti ọjọ́ Àìkú! Ṣé òkú yín lẹ fẹ́ kí Fẹ́mi wá sọ̀ kalẹ̀ láti orí kòkó?" Gbogbo àwọn tó ń di ẹrù rẹ́rìn-ín mi. Mo sọ̀ kalẹ̀. Rámónì ní òun yóò sun Ìbàdàn, òun yóò sì padà dé ibí ní ìrọ̀lẹ́ ọ̀la. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tún yà lọ́dọ̀ yín ní òwúrọ̀ kí ó tó padà. Má kọ̀wé gígùn sí mi. Sọ fún un bí Ayọ̀ ṣe jí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Màá ti wà ní ojú títì tí n ó máa retí ìró mọ́tò rẹ̀.

Bí ìròyìn náà bá dára, n ó wá. Bí kò bá dára, n ó wá. Ọkọ̀ èrò kò sí kí ọ̀túnla tó dé. Nígbà tí n bá dé, má wá sin mí wọlé, má sì gbé àga fún mi. Jẹ́ kí n bá àwọn ọmọ méjèèjì níta, pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, kí ara wọn funfun fún ọyẹ́, kí n dúró tì wọ́n kí n máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń mí.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí wọn sí fún wa. Ìyá rẹ kí yín.

Ọjọ́bọ̀ yìí ni màá gbéra, ní kùtùkùtù.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.